Àwòrán méjì, ìbéèrè kan: bí mo ṣe ń gba èrò ará àdúgbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Obìnrin kan ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí láì mọ̀ pé òun ń kọ́ mi. À ń wádìí lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò kan irú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí a là sí etí odò kékeré tó gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá. Mo gbé fọ́tò méjì sínú fọ́ọ̀mù: ọ̀kan fi ọ̀nà tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí hàn, èkejì fi ọ̀nà oníkọnkéré hàn. Kọnkéré ló borí, ó sì fi ọwọ́ rọ́ èkejì sẹ́yìn. Mo ti ń kọ ìròyìn mi lọ kí n tó rántí ka ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí tí mo fi béèrè ìdí. Obìnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn jọ ọmọ-ọmọ mi." Mo padà lọ wo fọ́tò náà. Lóòótọ́, ọmọ kan wà lórí kẹ̀kẹ́, oòrùn ń ràn, ewé igi ń dán. Nínú fọ́tò olókúta wẹ́wẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀run sì ṣú dùdù. Mo rò pé kọnkéré àti òkúta ni mo fi lọ àwọn ènìyàn. Oòrùn àti ọmọdé ni mo fi lọ̀ wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè alàwòrán gba ìfarabalẹ̀ ju ìbéèrè tí a fi ọ̀rọ̀ kọ lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́ nínú ìbéèrè, ẹni tó mọ̀wé lè tọ́ka sí i. Àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń wò ó kì í sì í mọ èyí tí òun gbọ́.

Síbẹ̀, n kò lè fi í sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé "ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 3, tí koríko wà láàárín òun àti títì", ènìyàn mẹ́wàá á ya ohun mẹ́wàá sọ́kàn. Ẹ fi hàn wọ́n, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan náà. Anton Nelessen, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò ìlú ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣe èyí láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ó máa ń fi àwòrán òpópónà àti ilé han àwọn ará ìlú kí wọ́n lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Èmi kì í béèrè fún máàkì. Máàkì 7 ọ̀dọ̀ ẹni tó lawọ́ lè má ju máàkì 5 ọ̀dọ̀ ẹni tó háwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé méjì kalẹ̀ tí mo ní "èwo?", ọlọ́wọ́ fífẹ̀ àti ahun á dáhùn bákan náà. L. L. Thurstone, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn ní 1927 pé láti inú irú ìdáhùn kékeré bẹ́ẹ̀, èyí ju ìyẹn, ìyẹn ju èyí, a lè to nǹkan sórí òṣùwọ̀n kan gbòógì.

Kí ẹ tó wá àwòrán kankan

Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: "Bí wọ́n bá yan èyí, báyìí la máa ṣe, bí wọ́n bá yan ìyẹn, báyìí la máa ṣe." Bí gbólóhùn náà kò bá parí lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ kan ní kí n bá àwọn bi ará àdúgbò irú òpó iná tí wọ́n fẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti san owó irú kan tán. Mo kọ̀. Ẹni tí a bá gba àkókò rẹ̀ lásán lónìí kò ní dá wa lóhùn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá gbóná.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò rárá. Bí àtẹ̀gùn bá wu ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ọ̀nà dídagun tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà lọ, kò túmọ̀ sí pé a lè ti ẹni náà síta. Ẹ fi ọ̀nà dídagun sínú àwòrán méjèèjì, kí ẹ wá béèrè nípa ohun tó kù.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo

Òfin tí n kì í yẹ̀ nìyí: kí àwòrán méjèèjì bára wọn mu níbi gbogbo àfi ibi tí ẹ ti ń béèrè. Bí ọ̀rọ̀ ohun tí a máa fi tẹ́ ọ̀nà bá ni, kí igi ọwọ́ òsì wà nínú méjèèjì, kí òjìji rẹ̀ bọ́ sí ojú kan náà, kí ògiri tó wà lẹ́yìn má yí àwọ̀ padà.

Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni pé kí ẹ ya fọ́tò kan péré níbi tí iṣẹ́ náà ti máa wáyé gan-an, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà yí ohun kan péré padà nínú rẹ̀. Mo máa ń gbé kámẹ́rà sí ibi tí ojú ẹni tó ń rìn máa wà, bíi mítà kan ààbọ̀ sókè láti ilẹ̀. Àwòrán tí a yà láti òkè, bí ẹyẹ ṣe ń wo ayé, máa ń wu àwọn ayàwòrán-ilé gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa rí ọ̀nà náà báyẹn lọ́jọ́ tó bá ń rìn lórí rẹ̀. Mo máa ń fi igi kékeré kan gún ibi tí mo dúró sí, kí n lè padà síbẹ̀. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

Bí kò bá sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá, tó jẹ́ pé fọ́tò ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ lò, ẹ yà wọ́n ní àkókò kan náà nínú ọjọ́, ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ ka iye ènìyàn àti ọkọ̀ tó wà nínú wọn. Ẹ gé etí wọn títí ohun tí ẹ ń béèrè á fi gba ààyè kan náà nínú méjèèjì. Ọ̀rá kan tí afẹ́fẹ́ gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó láti ba ọ̀nà tó dára jẹ́ lójú ẹni tó ń yan.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fi ń dán ara mi wò. Mo máa ń pe ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà, màá gbé àwòrán méjèèjì sí iwájú rẹ̀, màá ní kó ka gbogbo ìyàtọ̀ tó bá rí fún mi. Bí ìyàtọ̀ tí mo ń béèrè bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú, ó ti yanjú. Bó bá kọ́kọ́ sọ nǹkan méjì mìíràn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi pé ènìyàn mẹ́ta léra wọn mẹ́nu kan ajá tí n kò tilẹ̀ rí.

Ẹ má fi fọ́tò dojú kọ àwòrán tí a fi ọwọ́ yà. Fọ́tò á dà bí ohun tó ti wà, èkejì á dà bí àlá. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí à ń sọ fún pé kí wọ́n dá àwòrán sílẹ̀. Wọ́n yára, wọ́n sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi àga gbọọrọ kan kún àwòrán, wọ́n á fi òdòdó, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ àti tọkọtaya tó ń rẹ́rìn-ín kún un. Bí ẹ bá lò wọ́n, ẹ wo gbogbo igun àwòrán náà, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń dáhùn pé ẹ̀rọ ló ṣe àwòrán náà.

Ọ̀rọ̀ igi tún jẹ mí lógún. Àwòrán á fi igi ńlá tó ti tan ẹ̀ka ká hàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbìn tí kò ju orúnkún lọ la máa gbìn. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "báyìí ni igi yìí lè rí lẹ́yìn ọdún 10", tàbí kí ẹ fi ọ̀gbìn kékeré náà hàn bó ṣe rí.

Ní ti ìrísí: kí méjèèjì ní gígùn àti ìbú kan náà (4:3 ni mo máa ń lò), kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju kílóbáìtì 200 lọ, nítorí ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń falẹ̀ kò ní dúró dè yín. Fóònù máa ń tọ́jú ibi tí a ti ya fọ́tò sínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé e síta. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá hàn, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí ẹ pa á rẹ́.

Ohun tí ẹ máa bi wọ́n

"Èwo ló dára jù?" ni ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn, òun náà ló sì burú jù. Ó dára fún kí ni? Fún ta ni? Ní ìgbà wo? Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀: "Èwo lẹ máa gbà bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹ sì dá nìkan wà?" "Èwo lẹ máa jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbà lọ sílé ẹ̀kọ́?" "Níbo lẹ máa jókòó sí fún ìdajì wákàtí?" Ìbéèrè mẹ́ta yìí lè mú ìdáhùn mẹ́ta wá lórí àwòrán méjì kan náà, èyí kì í sì í ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, Place Pulse ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n kó àwòrán òpópónà láti ìlú 56, wọ́n ń gbé e síta ní méjì-méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ya ìbéèrè wọn sọ́tọ̀: èwo ló jọ ibi tí ààbò wà jù, èwo ló lárinrin jù, èwo ló súni jù, èwo ló lẹ́wà jù. Wọn ò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú "dára", kí ẹ̀yin náà má ṣe dà á pọ̀.

Yàtọ̀ sí àwòrán méjèèjì, mo máa ń fi bọ́tìnì méjì sí i: "Méjèèjì dọ́gba lójú mi" àti "N kò fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn." Àwọn kan máa ń fẹ́ da méjèèjì pọ̀ sí ojú kan, ẹ má gbà. Ẹni tí méjèèjì tẹ́ lọ́rùn àti ẹni tí méjèèjì ń bí nínú kò lè jókòó sí orí ìjókòó kan. Bí "n kò fẹ́ èyíkéyìí" bá pọ̀, iṣẹ́ ti padà sí ọwọ́ yín nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí kékeré kan: "Kí ni ẹ rí nínú àwòrán tó mú kí ẹ yàn án?" Ẹ má ṣe é ní tipátipá, nítorí ẹni tí a bá fi ipá mú kọ̀wé á kọ ohunkóhun kó ṣáà lè kọjá. Àwọn tó bá kọ ọ́ tinútinú, ẹ ka tiwọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú àpótí yẹn ni mo ti bá ọmọ orí kẹ̀kẹ́ pàdé.

Méjì-méjì mélòó?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ko ẹrù tí wọn ò lè gbé. Àwòrán 4 máa bí ìfiwéra 6. Àwòrán 6 máa bí 15. Àwòrán 10 máa bí 45, bó bá sì di 20, ó di 190. (Ẹ fi iye àwòrán ṣe ìlọ́po iye tó fi ẹyọ kan dín sí i, kí ẹ wá pín in sí méjì.) Kò sí ẹni tó máa dáhùn 45. Lójú tèmi, bó bá ti kọjá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ìka ni ń yàn, ojú kọ́. Nítorí náà, bí àwòrán yín bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ mú ìfiwéra mẹ́jọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan láìṣe ojúsàájú, kí gbogbo rẹ̀ lè kárí láàárín gbogbo wọn. All Our Ideas, ìkànnì ìwádìí kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ní 2010, ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú èrò tí a kọ sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè dáhùn bó ṣe wù ú mọ, kékeré tàbí púpọ̀, ó sì tún lè fi èrò tirẹ̀ kún un.

Bó bá jẹ́ Google Forms ni ẹ ní, ó ṣì ṣeé ṣe: ẹ fi àwòrán sí ara àṣàyàn ìdáhùn, ẹ dín iye rẹ̀ kù, kí ẹ má sì gbàgbé láti tẹ ibi tó ń da ètò àwọn àṣàyàn rú. Ìdí ni pé ipò ń jà fún àwòrán. Àwọn kan máa ń tẹ èyí tí ojú wọn kọ́kọ́ bà. Lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán méjèèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lórí fóònù, ọ̀kan máa ń gun orí èkejì, ẹlòmíràn kò sì ní mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fà á sókè kó tó rí ti ìsàlẹ̀. Bí àwòrán kan bá ń wà lókè ní gbogbo ìgbà, ẹ ti gbè é lẹ́yìn nìyẹn. Ẹ má sì pe ọ̀kan ní "àbá wa" kí ẹ pe èkejì ní "àbá kejì".

Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá ti pé, mo máa ń wá ènìyàn márùn-ún, ó kéré tán méjì nínú wọn á jẹ́ àgbàlagbà tó ń lo fóònù kékeré. Màá jókòó tì wọ́n, màá sì panu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, tí wọ́n bá ti ń wojú mi, ibẹ̀ ni màá tún ṣe.

Ẹ ronú kan àwọn tí ojú wọn kò rí bí tiyín. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 12 ni pupa àti àwọ̀ ewé ń dàrú mọ́ lójú. Iye rẹ̀ kéré sí i láàárín ọ̀pọ̀ ìran mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbi gbogbo. Bí ìyàtọ̀ àwòrán yín bá jẹ́ ti pupa àti ewé nìkan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi ojú wá ohun tí kò sí. Fún ẹni tí kò ríran, tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ojú fóònù sí i létí, ẹ kọ àpèjúwe sára àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí gígùn wọn dọ́gba, kí ẹ má sì pọ́n ọ̀kan ju èkejì: "Ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 3, kọnkéré, àga gbọọrọ kan lápá ọ̀tún." Ó tó.

Ta ló dáhùn?

Ìwé ìròyìn kan wà ní Amẹ́ríkà, Literary Digest. Ní 1936, ó fi káàdì tó tó mílíọ̀nù 10 ránṣẹ́ láti béèrè ẹni tí àwọn ènìyàn máa dìbò yàn sípò ààrẹ. Èyí tó padà wá lé ní mílíọ̀nù 2. Wọ́n kà á, wọ́n ní Alf Landon ló máa wọlé. Franklin Roosevelt ló wọlé, ó sì gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ, àwọn tó sì ṣe wàhálà láti dá káàdì padà kò jọ àwọn tó kù. Mo máa ń rántí ìtàn yìí nígbàkigbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé "ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ti dáhùn".

Líǹkì tí ẹ bá fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó bá rí i tó sì wù ni yóò dáhùn. Nítorí náà mo máa ń béèrè nǹkan mẹ́ta péré ní ìparí: ìrìn ìṣẹ́jú mélòó ni ilé yín sí ibẹ̀, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, àti bí ẹ ṣe máa ń dé ibẹ̀, ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀. N kì í béèrè orúkọ. Tí ìdajì ọ̀nà bá pé, mo wo ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àwọn àgbàlagbà, mo tẹ àwòrán kan náà sórí ìwé ńlá, mo gbé e lọ bá wọn níbi tí wọ́n máa ń péjọ sí, mo sì ń pààrọ̀ ọwọ́ tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà bí ẹni kan bá ti dáhùn tán.

Kíka ohun tó dé

Ẹ ka iye ìgbà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan borí, ẹ pín in fún iye ìgbà tó jáde. Bí gbogbo àwòrán bá ti bá ara wọn pàdé ní ìwọ̀n kan náà, èyí ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àdúgbò. Bí wọn kò bá pàdé ní ìwọ̀n kan náà, ẹ wá ẹni tó mọ ìṣirò tí Bradley àti Terry gbé jáde ní 1952. Ó máa ń ro ti irú alátakò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá pàdé mọ́ ọn.

Ẹ má jẹ́ kí 52 sí 48 nínú ọgọ́rùn-ún gbé yín gun orí òkè. Kódà bí àwọn tó dáhùn bá jẹ́ 100 tí a ṣà láìṣe ojúsàájú, iye náà lè fi nǹkan bíi 10 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Bí wọ́n bá tó 400, ó lè fi nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀. Ti líǹkì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti sún mọ́ra báyẹn, mo kọ ọ́ pé wọ́n dọ́gba, kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ mú èyí tó rọrùn láti tọ́jú.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí àkọ́kọ́ borí ìkejì, kí ìkejì borí ìkẹta, kí ìkẹta tún wá borí àkọ́kọ́. Condorcet, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti kọ̀wé nípa èyí ní 1785. Kì í ṣe pé fọ́ọ̀mù yín bàjẹ́. Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni. Ẹ pín ìdáhùn wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ́tọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, ẹ lè rí i pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó ń fẹ́ kedere. Èmi a máa pín in báyìí kódà nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gún, nítorí ẹni díẹ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an lè máa sọ òdìkejì ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń kọjá lọ ń sọ.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, mo máa ń fi èsì ránṣẹ́ padà sí ibi tí líǹkì ti kọ́kọ́ jáde: àwòrán tó borí, èyí tó fìdí rẹmi, iye tó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti gbólóhùn bíi márùn-ún láti inú àpótí ìdí, pẹ̀lú ti àwọn tí kò fara mọ́ ọn. Mo máa ń kọ ohun tí a máa ṣe sí i, mo sì máa ń kọ ohun tí a kò ní lè ṣe àti ìdí rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, bó tilẹ̀ gba ọdún méjì, mo padà sí ibi tí mo gún igi kékeré mi sí. Mo dúró lójú kan náà, mo gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n kan náà, mo ya fọ́tò. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí wọ́n yàn, mo sì tún bi àwọn ará àdúgbò ní ìbéèrè kan sí i: "Ṣé èyí ni ẹ ní lọ́kàn?"